Bí a ṣe ń yan gíríìlì gáàsì àlòkù, àti bí a ṣe ń sọ ọ́ dọ̀tun

Ní àdúgbò wa ní Houston, ọjọ́ kan wà lóṣù tí àwọn ará ilé máa ń gbé ẹrù ńlá tí wọn ò fẹ́ mọ́ síta kí ọkọ̀ akólẹ̀ wá kó o. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: gíríìlì Weber Genesis kan, ìdérí rẹ̀ pupa, pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti rà, alántakùn ti takùn sí gbogbo abẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ pàǹtírí ẹlòmíì nínú ọgbà òun. Mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ ná, mo ní ká jọ sọ ọ́ bá a bá délé. Ọdún kẹfà rèé tí à ń fi í sun sùyà, ìyàwó mi gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá gáàsì ṣì wà nínú sílíńdà.

Láti ìgbà náà mo ti tún mẹ́rin mìíràn ṣe, mẹ́ta fún àwọn ọ̀rẹ́ ní apá Alief, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo tò sísàlẹ̀ yìí.

Àpótí iná ni kí ẹ wò, ẹ má wo ìdọ̀tí

Ìdọ̀tí kì í ba gíríìlì jẹ́. Ọ̀rá tó gan mọ́ ọn, èédú, ewé tó jẹrà sí abẹ́ rẹ̀, gbogbo ìyẹn ni yóò ṣí. Àpótí iná ni kó ká yín lára, ìyẹn ikùn gíríìlì tí bọ́nà wà nínú rẹ̀, tí ìdérí ń dé lé lórí. Bí ikùn yìí bá le, gbogbo ìyókù ló ṣeé pààrọ̀: bọ́nà, irin tí ẹran ń sùn lé, họ́ọ̀sì, táyà ẹsẹ̀. Bí ikùn bá ti jẹ, ẹ má wulẹ̀ náwó lé e.

Ẹ mú òòfà kékeré kan dání, irú èyí tí àwọn ọmọ ń lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, kí ẹ sì mú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbé òòfà náà sí ẹ̀gbẹ́ àpótí. Bí kò bá lẹ̀, alumíníọ̀mù tí wọ́n dà ni, ohun tí ẹ ń wá nìyẹn. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin. Ojú rẹ̀ lè funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún, ìyẹn ò wọ inú. Bí òòfà bá lẹ̀ gbàgì, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, pàápàá níbi tí ọ̀rá ń gbà ṣàn jáde. Bó bá rọ̀ lábẹ́ ìka, tàbí tó ń ya bíi bébà, ẹ kí ẹni tó ni ín kí ẹ máa lọ sílé.

Alumíníọ̀mù náà ní ohun tó ń ṣe é. 660 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ló ti ń yọ́, ọ̀rá tó bá sì gbaná nínú gíríìlì tí wọn ò nu fún ọdún méjì lè mú kó yọ́. Mo ti yẹ ọ̀kan wò tí olówó rẹ̀ ń pè ní “bíi tuntun”. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo rí ibi tó ti wọ́ sílẹ̀ bí àbẹ́là tó yọ́. Ìdérí rẹ̀ ń dán gbinrin o.

Nípa ìdérí: àwọn tó ń tà á, tàbí àwọn tó ń rà á, á máa sọ pé ọ̀dà inú rẹ̀ ti ń ṣí. Nínú ìdérí Weber, kò sí ọ̀dà kankan tó lè ṣí. Èéfín àti ọ̀rá tó ti gbẹ ni, tó wá ń já bọ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí èèpo igi. Ọwọ́ méjì pẹ̀lú ọṣẹ ló máa bá a yanjú. Bí ẹni tó ń tà á bá tìtorí rẹ̀ dín owó kù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tètè sanwó.

Orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀

Ẹni tí kò bá mọ mọ́dẹ́ẹ̀lì gíríìlì tó gbé wálé yóò ra bọ́nà tí kò wọlé, yóò tún san owó tó fi máa dá a padà. Nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì máa ń wà lẹ́yìn àpótí, lára férémù, tàbí lábẹ́ tábìlì ẹ̀gbẹ́. Aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi ọṣẹ ni kí ẹ fi nù ún jẹ́jẹ́. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ó, torí àwọn lẹ́tà náà ló máa kọ́kọ́ pa rẹ́. Bó bá ti hàn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tó di pé ẹ tú u palẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi Weber ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni mo mọ̀ jù, èèlò rẹ̀ sì ṣì wà lọ́jà fún èyí tó ti lé ní 20 ọdún. George Stephen, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin Weber Brothers ní Chicago, ló mú irin róbótó tí wọ́n ń fi ṣe àmì orí omi fún ọkọ̀ ojú omi ní 1952, tó là á sí méjì, tó fi apá kan ṣe ìdérí, tó fi apá kejì ṣe ikùn. Eléèédú nìyẹn. Genesis tó ń lo gáàsì kò jáde títí di 1985. Kó tó dé, òkúta láfà ni wọ́n sábà máa ń tò sórí bọ́nà nínú gíríìlì gáàsì: ọ̀rá á kán sí i, òkúta á mu ún yó, iná á wá sọ lójijì. Genesis fi irin tó tẹ̀ bí òrùlé ilé rọ́pò òkúta. Bẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí, tẹ́ ẹ bá òkúta níbẹ̀, kì í ṣe Genesis lẹ ń wò, ohun yòówù kí olówó rẹ̀ pè é.

Èyí tó kọ́kọ́ jáde àti àwọn Genesis 1000 títí dé 5000 ti àwọn ọdún 1990 ní bọ́nà mẹ́ta tó lọ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ìyíná wọn wà lápá ọ̀tún, irin òrùlé inú wọn sì jẹ́ 13, kéékèèké, ní ìpele méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni Silver, Gold àti Platinum gbòde. Ẹ ṣọ́ra fún Silver A. Bọ́nà méjì péré ló ní. B àti C ló ní mẹ́ta, àwọn tó ń tà á kì í sì í sábà dárúkọ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn yẹn. E-310 àti S-310 dé ní 2007. Ní 2011 wọ́n gbé ọwọ́ ìyíná wá síwájú, bọ́nà náà sì wá lọ láti iwájú sẹ́yìn. Ìyẹn ló fà á tí bọ́nà E-310 ti 2008 kò fi lè wọ inú E-310 ti 2012, bórúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ ìyíná wà kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Bó bá jẹ́ oríṣi mìíràn tí àkọlé rẹ̀ ti bó, ẹ yọ bọ́nà kan, ẹ fi téèpù wọn gígùn rẹ̀, ẹ wo bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí àti ibi tí ihò síkúrúù rẹ̀ wà. Àwọn tó ń ta èèlò lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kọ gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí. Kí ẹ sì tẹ orúkọ àti mọ́dẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sínú cpsc.gov, ìkànnì àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ọjà, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ti ní kí wọ́n dá a padà rí.

Ohun kan ṣì kù kí ẹ tó gbé e: gáàsì wo ló ń lò? Ọ̀pọ̀ ilé níbí ní gáàsì tó ń gba inú páìpù wọlé, gíríìlì tí wọ́n ṣe fún un sì wà. Bí họ́ọ̀sì rẹ̀ bá gùn gbọọrọ, tí kò ní rẹ́gúlétọ̀ tó ń wọ sílíńdà, gáàsì páìpù ló ń lò. Ihò tí gáàsì ń gbà jáde nínú rẹ̀ tóbi ju ti propane, ìyẹn gáàsì inú sílíńdà, lọ. Ẹni tó bá so sílíńdà mọ́ ọn yóò rí iná tó ga dé ìpéǹpéjú rẹ̀. Tí kì í bá ṣe pé ẹ ó yí gbogbo fáàfù rẹ̀ padà, ẹ fi sílẹ̀.

Ọ̀nà gáàsì: ibi tí ẹ ò gbọdọ̀ ti ṣahun

Èmi kì í lo họ́ọ̀sì àti rẹ́gúlétọ̀ tó bá gíríìlì àlòkù wá. Mo máa ń gé họ́ọ̀sì náà sí méjì kí n tó jù ú nù, kí ẹlòmíì má baà rí i he. Rọ́bà tó ti wà nínú oòrùn Texas fún ọdún 15 á ti sán, eku á sì ti tọ́ ọ wò. Tuntun rẹ̀ ò wọ́n, wọ́n sì máa ń ta méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún òde lórí ààrò gáàsì ńlá ẹ̀yìnkùlé, ẹ tẹ́tí. Rẹ́gúlétọ̀ pupa tó wà lára ààrò yẹn, tí ẹ lè yí sókè sódò, kò sí fún gíríìlì. Ó lè tú gáàsì tó le tó psi 10 tàbí 20 jáde (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí gáàsì fi ń tì). Gíríìlì kò nílò ju ínṣì omi 11 lọ, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún agbára kékeré, èyí tí kò tó ìdajì psi kan. Ẹnu méjèèjì lè wọra. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó léwu.

Láti àárín àwọn ọdún 1990, nọ́ńtì oníke ńlá tí ẹ lè fi ọwọ́ lásán dè ló wà lẹ́nu họ́ọ̀sì gíríìlì níbí. Gáàsì kì í jáde àfi bó bá dè tán, bí iná bá sì ká a mọ́, ike náà á yọ́, fáàfù á ti ara rẹ̀. Àwọn ti àtijọ́ ní ẹnu bàbà tó ń fẹ́ sípánà, apá òsì lẹ ó sì máa yí i sí kó tó dè. Bẹ́ ẹ bá rí ti bàbà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun.

Sílíńdà ńkọ́? Ẹ wo ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣí i. Bó bá ní igun mẹ́ta, ó ní ohun tó ń dá gáàsì dúró nígbà tó bá kún dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá rí róbótó bí òdòdó, láyé àtijọ́ ni wọ́n ti ṣe é. Láti oṣù kẹrin ọdún 2002, àwọn tó ń rọ gáàsì ò gbọdọ̀ rọ ọ́ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà lára irin ọrùn rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì ń gba sílíńdà pààrọ̀ níwájú ilé ìtajà, ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀: ọ̀pọ̀ ìgbà, pọ́n-ùn 15 ni wọ́n rọ sínú èyí tó lè gba 20. Èmi máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa rọ ọ́ lójú mi.

Títú u

Ẹ ti gáàsì, ẹ yọ sílíńdà, ẹ gbé e jìnnà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìhà kí ẹ tó tú ẹyọ kan. Síkúrúù ibì kan, lailọ́ọ̀nù kan: ẹ kó tọ̀kọ̀ọ̀kan sínú lailọ́ọ̀nù kékeré, kí ẹ kọ ibi tó ti wá sí i lára.

Síkúrúù tó di bọ́nà mú ló máa ń fa wàhálà. Iná ti sun ún láìmọye ìgbà, ó ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú ibi tó wà. Ẹ fín WD-40, òróró tó ń tú síkúrúù tó ti gan, sí i lálẹ́, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ tún fín in. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i, ẹ yí i díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni ń fa eyín ọmọdé. Ìkánjú ló ń kán an. Bó bá kán náà, ayé ò parẹ́: ẹ fi dírílì lu ojú ibẹ̀ pẹ̀lú irin tó kéré jù ú lọ díẹ̀, kí ẹ fi bọ́ọ̀tì sitéńlẹ́ẹ̀sì rọ́pò rẹ̀.

Fífọ̀, àti àṣìṣe tí mo ṣe

Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Gíríìlì kejì tí mo tún ṣe, mo ra ohun ìfọ ààrò tí wọ́n ń fín, èyí tó ń run imú. Mo fín in sí inú àpótí alumíníọ̀mù, mo wọlé lọ wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo jáde, ara alumíníọ̀mù náà ti dúdú, ó ti ṣe hẹ́rẹ́hẹ̀rẹ bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà, ó sì ṣì ń hó. Kọ́síìkì sódà ló wà nínú rẹ̀, kọ́síìkì sì ń jẹ alumíníọ̀mù. Kí ló dé tí n ò mọ̀? Ìyá mi ò jẹ́ fi kánún se ẹ̀wà nínú ìkòkò alumíníọ̀mù láé, torí inú ìkòkò náà á dúdú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí ọ̀rọ̀ “lye” tàbí “sodium hydroxide” bá wà lára ìgò, ẹ má mú un sún mọ́ àpótí iná.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Mo kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ ìfá oníke fá ọ̀rá tó nípọn, mo ń tì í sínú àpò ìdọ̀tí. Ọ̀rá yìí á pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ti gíríìlì pupa yẹn kún ike ọ̀dà kan. Mo wá po omi gbígbóná, ọṣẹ ìfọbọ́ tó ń gé ọ̀rá àti sódà ìyan díẹ̀, mo dà á sí i, mo fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mo fi kànìnkànìn gbo ó. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Kì í pọn dandan kí inú àpótí máa dán. Ohun tí a ń wá ni pé kí ọ̀rá tó lè gbaná kúrò níbẹ̀, kí ihò ìsàlẹ̀ tó ń da ọ̀rá sínú àwo sì là gaara.

Irin tí ẹran ń sùn lé: bó bá jẹ́ irin dídà lásán, ìpẹtà kò pa á. Ẹ gbo ó dé ojú irin, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́ lórí iná, ẹ fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́ pa á, ẹ sun ún títí yóò fi dúdú, kí ẹ tún pa á. Bí àwọn ìyá alákàrà ṣe ń tọ́jú agbada nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi tánńganran dídán bò, tí ibẹ̀ ti ń ṣí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ẹ jù ú nù. Tánńganran yẹn bí ìgò ló rí, kò yẹ kó wọ inú ẹran.

Ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin tó ti gbó nu irin yìí. Ẹyọ wáyà kan lè ṣẹ́ sórí rẹ̀, kó lẹ̀ mọ́ ẹran, kí ẹnìkan gbé e mì. Àlùbọ́sà tí a là sí méjì, tí a gún fọ́ọ̀kì sẹ́yìn rẹ̀, ni mo fi ń nu tèmi nígbà tó bá gbóná. Ó ń nù ún mọ́, òórùn rẹ̀ sì dáa.

Bọ́nà àti alántakùn

Ẹ gbé bọ́nà sókè sí oòrùn kí ẹ yẹ gbogbo ihò rẹ̀ wò. Bí ìpẹtà bá ti so ihò méjì pọ̀ di ọ̀kan, tàbí tí ara ọ̀pá ti là, ẹ ra tuntun. Bó bá kàn dí ni, ẹ fi wáyà tín-ín-rín tú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó ní ìbú, kì í ṣe ní òró, kí ìdọ̀tí má baà tún wọ inú ihò tó tẹ̀ lé e.

Ẹ wá yí ojú sí ẹnu ọ̀pá náà, níbi tí gáàsì ti ń pàdé afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni alántakùn fẹ́ràn láti kọ́lé sí. Òwú tí kò ju ti èékánná lọ ti tó láti dí ọ̀nà, gáàsì á wá padà sẹ́yìn, iná á sì máa jó lábẹ́ ibi tí ọwọ́ ìyíná wà dípò inú àpótí. Ẹ má rò pé àsọdùn ni: ní 2011, ilé iṣẹ́ Mazda pe ọkọ̀ Mazda6 tó lé ní 50,000 padà ní Amẹ́ríkà torí pé alántakùn ń takùn sínú páìpù tó ń gbé òórùn epo. Ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fọ ìgò wọ inú bọ́nà kọ̀ọ̀kan títí dé ìdí, kí ẹ fa á jáde. Bí àwọ̀n kékeré bá wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ dá a padà síbẹ̀. Alántakùn ni wọ́n torí rẹ̀ fi í síbẹ̀. Ọdọọdún ni kí ẹ máa ṣe èyí, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá rà á nìkan.

Ọ̀dà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó lè fara da iná dé 1200 lórí ìwọ̀n Fáhírẹ́náìtì ni kí ẹ rà. Ìta àpótí àti férémù nìkan ni kí ẹ kùn. Ẹ má kan inú, ẹ má sì kan ìdérí tó ti ń dán tẹ́lẹ̀. Ní ti pákó ẹ̀gbẹ́, ẹ gé tuntun, ẹ fi òróró pa á. Mo fi igi sídà ṣe tèmi.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tan iná

Ẹ dè é padà, ẹ so sílíńdà, gbogbo ọwọ́ ìyíná wà ní pípa. Ẹ po ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi ní dọ́gbadọ́gba, kí ẹ ṣí sílíńdà díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà pa ọṣẹ náà sí ẹnu sílíńdà, sí ara rẹ́gúlétọ̀, ní gbogbo gígùn họ́ọ̀sì, títí dé ibi tó ti wọ páìpù. Ẹ dúró, ẹ máa wò. Bí ọṣẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú bọ̀ǹbọ̀, tó ń hó láìdáwọ́ dúró, ó ń jò níbẹ̀. Ẹ tì í, ẹ dè é le, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ṣì ń hó, ẹ pààrọ̀ ohun náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ ṣáná sí i láti fi mọ̀, ẹ máa wò ó bí ẹni tó fẹ́ jogún yín.

Ìdérí gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí kí ẹ tó tan án. Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú ìkòkò tó dé ló ń jókòó sí. Bí kò bá ràn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ẹ pa á, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko kí ẹ tó tún dán an wò.

Iná tó dáa máa ń búlúù, orí rẹ̀ lè pọ́n rẹ́súrẹ́sú díẹ̀. Bó bá pupa rẹ́súrẹ́sú látòkè délẹ̀, tó ń ta èéfín sára irin, afẹ́fẹ́ kò wọlé dáadáa: ẹ padà sọ́dọ̀ alántakùn. Bí iná bá sì kéré, tó ń jó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí gíríìlì ò gbóná láìka bí ẹ ṣe yí i tó, ó jọ pé ẹ yára ṣí sílíńdà jù. Rẹ́gúlétọ̀ rò pé họ́ọ̀sì ti já, ó ti fún gáàsì lọ́rùn. Ẹ pa gbogbo rẹ̀, ẹ ti sílíńdà, ẹ tú nọ́ńtì oníke, ẹ ṣí ọwọ́ ìyíná fún ìṣẹ́jú kan kó lè mí, ẹ pa á padà, ẹ dè é, kí ẹ wá ṣí sílíńdà ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ti fẹ́ ju gíríìlì tuntun nù torí èyí nìkan.

Níbi tí ẹ máa gbé e kalẹ̀ sí: ní ọ̀pọ̀ ìlú níbí, òfin kò gbà á kí ẹni tó ń gbé àpátímẹ́ǹtì tan iná gíríìlì sórí báńkónì onígi, tàbí kó sún mọ́ ohun tó lè jó ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ. Ẹ ka ìwé àdéhùn ilé yín dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ronú láti fi gíríìlì ránṣẹ́ sílé nínú kọ̀ǹténà, ẹ mọ̀ pé ẹnu họ́ọ̀sì ibí kò bá orí sílíńdà tó wà ní Nàìjíríà mu. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi rọ́bà àti wáyà fipá dì í. Ẹni tó mọ̀ nípa gáàsì níbẹ̀ ni kó fi rẹ́gúlétọ̀ tó bá sílíńdà wọn àti gíríìlì náà mu síbẹ̀.

Búrẹ́dì kó tó kan sùyà

Ẹ tan gbogbo bọ́nà sókè pátápátá, ẹ dé e fún ogún ìṣẹ́jú. Ó máa rùn, ó máa ta èéfín. Ọṣẹ àti òróró ẹ̀yìn ìfọ̀ ló ń jó dànù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dín iná kù sí ìdajì, kí ẹ to búrẹ́dì onígun mẹ́rin sórí irin títí yóò fi kún. Ìṣẹ́jú kan, ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà bí wọ́n ṣe tò, ẹ ya fọ́tò. Ibi tó dúdú ni iná ti pọ̀, ibi tó funfun ni iná ò dé. Àwòrán gíríìlì yín rèé, ẹ fi sínú fóònù.

Nínú ti pupa wa, búrẹ́dì mẹ́ta lápá òsì ẹ̀yìn funfun bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já a nínú lailọ́ọ̀nù. Mo tún bọ́nà ẹ̀yìn tú, mo rí ihò mẹ́rin tí mo gbójú fò, mo ki wáyà bọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo wá gún ẹran sí igi, mo fi yájì àti òróró ẹ̀pà pa á, mo tò ó síbi tí iná ti dọ́gba. Búrẹ́dì tó jóná yẹn ńkọ́? Àwọn ọmọ ti fi ẹyin jẹ ẹ́ tán kí ẹran tó yí lẹ́ẹ̀kan.